Ibi Tí Sabi Yóò Sùn

Wasiu Alájá ni àwọn Yorùbá tó ń tajà ní Douala ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò ní ajá kankan nígbà tí wọ́n fún mi lórúkọ yẹn. N kò tilẹ̀ jẹ́ kí ajá fara kàn mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ṣètò ìrìn àjò fún àwọn tó fẹ́ mú ajá wọn dání: kí n wá ọkọ̀ tó máa gbà wọ́n, kí n rí i pé ìwé ajá pé, kí n sì wá ilé àlejò tí wọn kò ti ní lé wọn síta. Ó ti di ọdún kẹsàn-án báyìí tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Àwọn tó ń fi orúkọ yẹn ṣe mí ní yẹ̀yẹ́ kò mọ ohun tí ojú mi rí ní ọdún keje. Ohun tí mo fẹ́ sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo dé ọ́fíìsì Madame Solange ní Bonanjo, àdúgbò àwọn ọ́fíìsì ní Douala, kóòtù tí bàbá mi yá mi ni mo wọ̀. Ará Ṣakí ni bàbá mi, bàtà ló ń tà lọ́jà, ó sì ti pinnu pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun gbọ́dọ̀ jókòó sídìí tábìlì ní Bonanjo kí òun tó kú. Yàrá kan péré ni ọ́fíìsì náà, lókè ilé kan tí àwọn lọ́yà kún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Madame Solange, obìnrin sísanra kan tó máa ń gbé gíláàsì ojú ẹ̀ sórí irun, kò béèrè ìwé ẹ̀rí kankan lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ṣé o máa ń bẹ̀rù ajá?”

“Rárá, Madame.”

Kò pé ìṣẹ́jú kan tí ohun kan tó tóbi tó àgbò fi jáde lábẹ́ tábìlì ẹ̀, tó wá ń gbóòórùn ṣòkòtò mi. Orí àga ni mo ti bá ara mi, tèmi ti kóòtù bàbá mi. Madame rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. Ó ní òun gbà mí síṣẹ́. Ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù ajá kò ní gbàgbé láé pé ajá wà nínú ọkọ̀.

Ìwé àkọsílẹ̀ gbọọrọ kan ló fi kọ́ mi níṣẹ́. Ajá kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ kọ orúkọ ẹ̀ àti bó ṣe tóbi tó, kí n kọ ohun tó ń jẹ àti bóyá ó máa ń bì nínú ọkọ̀. Mo gbọ́dọ̀ fojú ara mi rí carnet ẹ̀, ìwé kékeré tí dókítà ẹran máa ń kọ abẹ́rẹ́ àrùn dìgbòlugi sí, torí pé àwọn jándáámù, ọlọ́pàá ojú ọ̀nà, lè béèrè rẹ̀. Ìbéèrè tó kẹ́yìn ni bóyá ajá náà máa ń gbó. Ajá tó ń gbó ni àwọn onílé àlejò máa ń sá fún jù lọ. Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, Madame ní kí n fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí, kí n lè mọ̀ pé ẹjọ́ ń bẹ níwájú.

“Kì í ṣe oníbàárà lò ń wá ilé fún,” ó máa ń sọ fún mi, “ajá lò ń wá ilé fún. Ènìyàn lè sùn sórí àga. Bí wọ́n bá lé ajá jáde, ìrìn àjò ti tán nìyẹn.” Ó tún ní mo gbọ́dọ̀ pe ilé àlejò lẹ́ẹ̀mejì: lọ́jọ́ tí mo bá gba yàrá, àti lọ́jọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí a máa gbéra.

Iṣẹ́ náà lẹ́rìn-ín nínú nígbà mìíràn. Ẹnjiníà kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Bassa. Ajá ẹ̀ kì í gbà kí ẹlòmíràn jókòó síwájú ọkọ̀, nítorí náà ẹ̀yìn ni ẹnjiníà máa ń wà, tí ajá máa wà níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ bíi gómìnà. Jándáámù kan dá wa dúró nítòsí Loum lọ́jọ́ kan, ó wo ajá náà, ó ní, “Carte d'identité, ìwé ìdánimọ̀ ẹ̀, dà?” Mo na carnet sí i. Ó ṣí i, ó wò ó sókè sódò, ó kí ajá náà bí ẹni kí ọ̀gá, ó ní ká máa lọ.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, mo ń bá ajá ṣiṣẹ́ bí ẹni tó ń fi igi gígùn kó iná. Inú ilé tí wọ́n ti bí mi, ohun ẹ̀gbin ni ajá. Ìyá mi máa ń ní bí ajá bá kan ènìyàn, àlùwàlá ẹ̀ ti bàjẹ́, kó lọ tún un ṣe. Nítorí náà mo ní ṣòkòtò méjì nínú báàgì mi, ọ̀kan fún iṣẹ́, ọ̀kan fún ìrun. Mo máa ń fi ọ̀rá di ọwọ́ kí n tó di okùn ajá mú. Àwọn oníbàárà rò pé ìmọ́tótó ni, wọ́n ń yìn mí.

Ní ọdún keje yẹn ni obìnrin kan wá bá wa láti Kotto, àdúgbò kan ní Douala. Aránṣọ ni, ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀ níbẹ̀ ló gbé ẹ̀rọ ìránṣọ ẹ̀ sí. Orúkọ ọmọ ẹ̀ kan ṣoṣo la fi ń pè é, Màmá Carine. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni Carine, wárápá sì ń ṣe é. Wọ́n ti lọ sí ilé ìwòsàn lóríṣiríṣi ní Douala. Wàyí o, ẹnì kan ti sọ fún wọn nípa dókítà kan ní ìhà Bafoussam, tó wo irú àrùn náà fún ọmọ àbúrò ẹni náà tó sì lọ sílẹ̀ gidi. Wọ́n fẹ́ lọ, wọ́n sì fẹ́ mú ajá wọn dání.

Mo ní, “Màmá Carine, ẹ kò ṣe fi ajá sílẹ̀ fún aládùúgbò? Ọjọ́ mẹ́ta péré ni.”

Ó wò mí bí ẹni pé mo ní kó fi ẹsẹ̀ ẹ̀ kan sílẹ̀. “Ajá yìí ló ń ṣọ́ ọmọ mi, mon fils,” ó ní, bí ìyá tó ń bá ọmọ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Sabi ni orúkọ ajá náà. Ajá ìbílẹ̀ ni, àwọ̀ ẹ̀ dà bíi ti ilẹ̀ amọ̀, etí ẹ̀ kan sì ká. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Màmá Carine kàn ṣàkíyèsí pé kí wárápá tó dé, Sabi á ti máa yí ọmọ náà po, á fi orí ti orúnkún ẹ̀, á wá gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á sinmi, á tún gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí Carine bá ti gbọ́ ọ, á dùbúlẹ̀ níbikíbi tó bá wà, ìyá ẹ̀ á sì ká aṣọ sábẹ́ orí ẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, ọmọ náà kò tí ì ṣubú kó fi orí gbá nǹkan. Carine fúnra ẹ̀ jókòó síbẹ̀, ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń fi etí Sabi tó ká ṣeré. Ó pè mí bí ọmọdé ṣe ń pe àbúrò bàbá ẹ̀, ó ní, “Tonton, òun ló máa ń kọ́kọ́ mọ̀. Èmi kì í mọ̀.”

Mo kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Níbi tí ìwé ti béèrè bóyá ajá náà máa ń gbó, mo kọ bẹ́ẹ̀ ni, mo sì fi bíírò pupa fa ìlà sí i nídìí.

Mo gba yàrá fún wọn lọ́dọ̀ Mama Odette, obìnrin kan tó ní ilé àlejò lọ́nà Bafoussam, tó fẹ́ràn ajá ju ènìyàn lọ. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń kó àlejò lọ bá a, nítorí náà n kò pè é lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń ṣe mí bíi pé kéèyàn máa pe ìyá ẹ̀ láti béèrè bóyá àyè wà nílé. Mo gbàgbé pé àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni, ìgbà tí àwọn ará òkè lọ́hùn-ún máa ń ṣe ìnáwó òkú wọn, tí àwọn ọmọ wọn láti Douala àti Yaoundé á kún gbogbo ilé títí dé ibi ìdáná. Nígbà tí ọkọ̀ wa dúró lẹ́nu ọ̀nà Mama Odette lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àgbàlá ẹ̀ kún fún àga àti ìkòkò ńlá. Ó di orí mú nígbà tó rí mi. Ó ní òun retí ìpè mi títí, òun rò pé a kò wá mọ́, òun sì ti fún àwọn ìdílé olóòkú ní yàrá náà.

Ilé mẹ́rin la dé lẹ́yìn ẹ̀. Àwọn kan ti kún, àwọn kan kò fẹ́ ajá. Ó ti rẹ Carine. Màmá Carine kò bú mi, ó kàn ń wo ojú ọmọ ẹ̀ ṣáá. Ìgbà náà ni mo rántí Alhaji Ganiyu.

Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni Alhaji Ganiyu, ará Ṣakí bíi tiwa. Aṣọ ló ń tà tẹ́lẹ̀ ní Douala kó tó lọ kọ́ ilé àlejò sí òkè. Òun ló gbé mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ mi. N kò kó oníbàárà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀ rí, torí mo mọ ohun tó máa sọ. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ẹnu ọ̀nà ẹ̀.

“Wasiu ọmọ Lásísì! Ìwọ rèé? Dìde, dìde. Bàbá rẹ ńkọ́?”

“Àlàáfíà ni wọ́n wà, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, yàrá là ń wá, fún obìnrin kan àti ọmọ ẹ̀.”

“Yàrá wà. Ṣé a lè ní kò sí yàrá fún ọmọ Lásísì?” Ìgbà náà ló rí Sabi lẹ́yìn mi. Ojú ẹ̀ yí padà. “Ti ta nìyẹn?”

“Tiwọn ni, bàbá. Inú yàrá ló máa ń sùn, ẹ jọ̀ọ́.”

“Inú yàrá? Ilé tí mo ti ń kírun? Máláíkà kì í wọ ilé tí ajá wà, Wasiu. Ṣé Lásísì kò kọ́ ọ ni? Ẹ̀yìn ilé ni kí ẹ so ó mọ́.”

Gbólóhùn kan ṣoṣo ló yẹ kí n sọ: bàbá, wárápá ń ṣe ọmọ yìí, ajá yìí ló ń kìlọ̀. N kò sọ ọ́. Mo mọ bí àwọn ènìyàn wa ṣe ń sá fún wárápá, tí wọ́n ń sọ pé itọ́ ẹ̀ ń ràn, ẹ̀rù sì bà mí pé bí mo bá dárúkọ ẹ̀, a máa pàdánù yàrá náà pẹ̀lú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, eruku ìdọ̀bálẹ̀ ṣì wà láyà mi. Ta ló máa dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, kó dìde, kó wá ní rárá? Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá.”

Mo fi ọ̀rá di ọwọ́, mo so Sabi mọ́ igi píà lẹ́yìn ilé, lábẹ́ fèrèsé balùwẹ̀ àwọn àlejò. Màmá Carine bi mí pé, “Ibo ló máa sùn?”

“Ẹ fọkàn balẹ̀. Bí bàbá bá ti kírun alẹ́ tán, màá mú un wọlé sí yín.”

“Wárápá kì í wo aago, mon fils.”

“Mo mọ̀, Màmá Carine. Kí ilẹ̀ kàn ṣú díẹ̀ ni.”

Ó rẹ̀ ẹ́ láti jà. Nígbà tí Carine sùn lọ, ó jáde sí mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, báàgì ẹ̀ ti wà léjìká. Ilé ìwòsàn kò jìnnà, ó fẹ́ sáré lọ gba nọ́mbà fún ọjọ́ kejì, nítorí pé wọ́n ní ẹni tí kò bá gba nọ́mbà lọ́sàn-án kò ní rí dókítà láàárọ̀. Ó ní, “Ọmọ ń sùn. N kò ní pẹ́. Bí Sabi bá ké, kó o sáré.”

Mo ní, “Mo ti gbọ́.”

Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fún ìgbà díẹ̀. Alhaji wá pè mí pé ìrun Alásárì ti tó. Ìtìjú bá mi láti sọ fún un pé mò ń ṣọ́ ọmọ kan tó ń sùn, nítorí ó máa béèrè ohun tí mò ń ṣọ́ ọ fún. Mo pààrọ̀ ṣòkòtò, mo gbé bútà lọ sẹ́yìn ilé láti ṣe àlùwàlá. Ẹsẹ̀ òsì mi ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Sabi gbó.

Ó gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó sinmi. Ó tún gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun tó wá sí mi lọ́kàn, torí ó ti pẹ́ tí mo ti ń bi ara mi. Ìlà pupa ló wá sí mi lọ́kàn. Mo ní, ẹjọ́ dé, Alhaji máa ní ká kó ẹrù wa jáde. Sabi fò sí mi títí okùn fi fà á padà, imú ẹ̀ tó tutù fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojúgun mi. Mo fò sẹ́yìn, mo ká ṣòkòtò ìrun mi sókè. Àlùwàlá ni mo ń dáàbò bò. Mo ní, “Jókòó jẹ́ẹ́! Ṣé ebi ń pa ọ́ ni?” Mo wọlé, mo lọ dúró lẹ́yìn Alhaji.

Rákáà mẹ́rin ni Alásárì. A kì í ké Kùránì sókè nínú ẹ̀, nítorí náà kò sí ohun kankan tó bo igbe ajá náà mọ́lẹ̀. Mo gbọ́ ọ nígbà tí mo dúró, mo gbọ́ ọ nígbà tí mo fi orí kanlẹ̀. Ó ń gbó, ó ń sinmi, ó ń gbó. Ní rákáà kẹta ó dákẹ́. Mo rántí pé mo dúpẹ́ nínú ọkàn mi pé ó dákẹ́.

Bí a ti sálámà tán, mo lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá ṣí sílẹ̀, kò sí ẹnikẹ́ni lórí bẹ́ẹ̀dì. Carine ti dìde láti lọ tọ̀. Inú balùwẹ̀ ni mo ti bá a, orí ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí sìmẹ́ńtì tó yí ibi ìwẹ̀ ká. Èmi tí n kò jẹ́ kí ajá fara kàn mí, ẹ̀jẹ̀ kún ṣòkòtò ìrun mi títí dé orúnkún. Mo kígbe. Alhaji Ganiyu, arúgbó tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ló gbé ọmọ náà lọ́wọ́ dé inú ọkọ̀.

Màmá Carine ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ìlà nílé ìwòsàn nígbà tí a gbé e wọlé. Nọ́mbà ọjọ́ kejì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀. N kò ní lè ṣàpèjúwe igbe tó ké.

Dókítà jáde wá bi mí bí ó ti pẹ́ tó tí ọmọ náà ti wà nílẹ̀ kí a tó rí i. N kò mọ ìṣẹ́jú tó jẹ́. Ohun tí mo mọ̀ ni rákáà mẹ́rin, mo sì dúró níwájú ẹ̀, mo ń kà á lórí ìka mi bí aṣiwèrè. Nígbà tí wọ́n pe nọ́mbà Carine láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti kú láti nǹkan bíi wákàtí méjì.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìwòsàn náà ni Màmá Carine ti pè mí. Ó ti sunkún títí ohùn ẹ̀ ti lọ. Ó ní, “Ṣé Sabi ké?”

Mo lè purọ́. Kò sí ẹni tó máa mọ̀, àfi Alhaji, kò sì gbọ́ Faransé tó bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ó ké, Màmá Carine.”

“O gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ó mi orí. Ó yí ojú sí ògiri. Kò yíjú padà nígbà tó tún sọ̀rọ̀. “Mo máa tẹ̀ lé ọmọ mi nínú ọkọ̀ tó máa gbé e. Wọn kò ní gba Sabi níbẹ̀. Ìwọ ni kó o mú un dé Kotto. Kó o má fi í sínú búùtù ọkọ̀ o.”

Alhaji Ganiyu jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Mo sọ gbogbo ẹ̀ fún un níbẹ̀: wárápá, ajá, àlùwàlá. Ó ní, “Kí ló dé tí o kò sọ fún mi, Wasiu?”

“Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa lé wọn, bàbá.”

“Àbúrò mi tó tẹ̀ lé mi ní Ṣakí, wárápá ló pa á. Inú kànga ló ṣubú sí. Bí o bá ti sọ fún mi, yàrá tèmi ni ǹ bá kó ọmọ náà sí, tòun tajá ẹ̀, kí n lọ sùn lóde.” Ó nu ojú. “Ta ló tún sọ fún ọ pé ajá ń ba àlùwàlá jẹ́? Ibi tí itọ́ ẹ̀ bá kàn lèèyàn máa fọ̀, kó máa kírun ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀mí bá sì wà nínú ewu, já ìrun sílẹ̀ ni wọ́n ní kéèyàn ṣe. Ṣé ẹnikẹ́ni kò kọ́ yín ní nǹkan wọ̀nyí ní Douala ni?”

Ọdún méje ni mo ti ń pààrọ̀ ṣòkòtò, n kò béèrè lọ́wọ́ alfa kan rí.

Ìrìn àjò tó nira jù lọ tí mo ṣètò láyé mi ni ti Sabi láti ibẹ̀ sí Kotto, bó tilẹ̀ jẹ́ pé awakọ̀ kan ṣoṣo ni mo pè. N kò fi ọ̀rá di ọwọ́. Èmi àti ajá náà jókòó sẹ́yìn. Títí dé Bafang, ó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ń wo fèrèsé, ó ń wá ẹni tí kò sí nínú ọkọ̀. Lẹ́yìn Bafang ó rẹ̀ ẹ́, ó gbé orí lé orúnkún mi. Itọ́ ẹ̀ rin ṣòkòtò mi. Mo sunkún débi pé awakọ̀ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ra omi fún mi.

Madame Solange kò lé mi níṣẹ́. Ó ṣí ìwé náà sí ojú ewé Sabi, ó ka ohun tí mo kọ, ó fi ìka lé ìlà pupa náà. Ó ní, “Èmi ni mo kọ́ ọ.” Ohun tó sọ nìyẹn, ó sì tilẹ̀kùn ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà.

Oṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, Màmá Carine wá sí Bonanjo, Sabi sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Àwọn méjèèjì ti rù. Ó ní ojoojúmọ́ ni ajá náà ń lọ sídìí bẹ́ẹ̀dì Carine, á yí i po, á gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Òun kò lè gbọ́ ọ mọ́, òun kò sì lè lé e sí títì.

“Bá mi wá ibi tó máa sùn,” ó ní. “Ṣebí iṣẹ́ rẹ nìyẹn.”

Mo tú ìwé wa láti ẹ̀yìn dé iwájú. Ẹnjiníà Bassa ti padà sí ìlú wọn. Mama Odette ní ajá mẹ́rin ti wà lọ́rùn òun. Ọkùnrin kan ní Bonabéri kọ́kọ́ béèrè bóyá ó sanra, mo sì mọ ohun tó fẹ́ fi í ṣe, mo pa fóònù mọ́ ọn létí. Nígbà tí ilẹ̀ fi máa ṣú, ilé kan ṣoṣo ló kù tí n kò tí ì pè.

Ramota ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà nígbà tó rí wa. “Ajá? Nínú ilé yìí? Wasiu, ibo lo fẹ́ máa kírun?”

“Inú yàrá. Òun á máa wà lẹ́nu ọ̀nà.”

Ọjọ́ méjì ni kò bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ kẹta ó gbé ìkòkò ògbólógbòó kan fún Sabi, ó ní kí ìkòkò yẹn má ṣe dé ibi abọ́ tiwa láéláé. Ibẹ̀ ni ajá náà wà títí di òní. Ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, Màmá Carine máa ń wá jókòó tì í lórí àtẹ̀gùn wa, á máa fọwọ́ pa etí ẹ̀ tó ká. A máa ń kí ara wa. Kò tí ì sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà kò ní ẹnu láti bi í.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Mo ń kọ́ ọmọbìnrin kan báyìí tó máa gba ipò mi bí Madame bá fẹ̀yìn tì tí mo bá bọ́ sórí àga ẹ̀. Ìwé tuntun ni mo fún un, kò sì sí bíírò pupa nínú ọ́fíìsì wa mọ́. Níbi tí a ti máa ń béèrè bóyá ajá náà máa ń gbó, ohun tí mo ní kó máa béèrè ni: bó bá gbó, kí ló ń sọ, ta ló sì gbọ́dọ̀ sáré? Mo ní kó sọ ọ́ fún onílé àlejò lọ́rọ̀ tààrà, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, kí wọ́n kọ̀ lójú ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wà ní rákáà kejì Alásárì nígbà tí Sabi gbó lóde. Ó gbó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó sinmi. N kò dúró kó tún gbó. Mo já ìrun sílẹ̀, mo sáré jáde láìwọ bàtà, Ramota tẹ̀ lé mi. Alángbá ló rí lórí ògiri. Mo dúró tì í títí alángbá náà fi lọ, mo fọwọ́ pa á lórí, mo ní ó ṣeun. Mo wá wọlé padà, mo bẹ̀rẹ̀ ìrun náà láti ìbẹ̀rẹ̀.